Iwin Orí Òkè Ajàká

Nígbà tí Aláàfin Abípa pinnu pé àkókò tó láti kúrò ní Ìgbòho kí àwọn padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ìjòyè rẹ̀ kò fẹ́. Ìgbòho ti di ilé fún wọn. Láti ayé Aláàfin Egúnojú ni ìlú náà ti jẹ́ ibùjókòó ọba. Wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ti dáko, wọ́n ti bímọ. Ta ni yóò tún kó ẹrù padà sí ahoro tí ogun Tápà lé wọn kúrò nínú rẹ̀? Ṣùgbọ́n ta ni yóò dìde níwájú Aláàfin kó ní òun ò lọ? Wọ́n wá ọgbọ́n mìíràn dá.

Samuel Johnson, àlùfáà tí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá jáde ní 1921, ló kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ. Ọba fẹ́ rán àwọn èèyàn lọ ṣètùtù sí ibi tí ààfin yóò wà. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè náà, ti rán tiwọn ṣáájú ní kọ̀rọ̀. Baṣọ̀run rán abuké. Alápìnni rán àfín. Aṣípa rán adẹ́tẹ̀, Lágùnnà rán aràrá, Akinikú rán arọ, Ṣàmù sì rán ẹnìkan tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síta ju ti ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tan ògùṣọ̀ lórí òkè Ajàká, wọ́n ń rìn káàkiri, wọ́n ń ké pé àyè kò sí níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ìránṣẹ́ ọba sá padà wá sí Ìgbòho. Wọ́n ní iwin ti gba ìlú.

Ológbò, arọ́kin ọba, ló tú àṣírí náà, Johnson sì sọ pé ẹ̀mí rẹ̀ ló fi dí i lẹ́yìn náà. Abípa kò pariwo. Ó rán ọdẹ mẹ́fà tí wọ́n gbójú lọ sórí òkè, wọ́n mú àwọn iwin náà láàyè, wọ́n sì kó wọn wá sí ààfin láìjẹ́ kí etí kejì gbọ́. Ọjọ́ tí àwọn ìjòyè péjọ, ọba ní kí wọ́n gbé ọtí wá fún wọn. Abuké ló gbé ti Baṣọ̀run wá. Àfín gbé ti Alápìnni. Olúkúlùkù ìjòyè gba ọtí lọ́wọ́ iwin tí òun fúnra rẹ̀ rán níṣẹ́. Ẹnu wọn wọhò. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìlú dìde lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, orúkọ tó sì mọ́ Abípa lára títí dòní ni Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú iwin.

Bí a bá fi ojú òde òní wò ó, ìpolówó ni àwọn ìjòyè yẹn ṣe. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kó gbọ́, wọ́n mọ ojú ọ̀nà tí yóò gbà, wọ́n sì mọ ohun tí ẹ̀rù yóò mú un ṣe. Ìlú ọ̀la, ìlú tí ẹnikẹ́ni kò tíì padà dé, ni wọ́n ti kùn ní àwọ̀ iwin sílẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀.

Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn gan-an? Ìbéèrè yìí kò tíì gbó. Lónìí, àwọn oníṣẹ́ ọnà, àwọn onífíìmù àti àwọn ayàwòrán ilé ń dá ayé tí kò sí sílẹ̀, wọ́n sì ń gbé e jáde sígboro: sára ògiri, sórí àga ibùdókọ̀, sínú gbọ̀ngàn àfihàn. Wọ́n ń fi ayé ọ̀la pe ẹni tó ń kọjá lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lónìí. Ṣé ó tọ́? Ọ̀pọ̀ onísìn yóò yára dáhùn pé irọ́ ni, pé ẹni tó bá gbé ohun tí kò sí síwájú èèyàn ti ṣẹ̀. Ìdáhùn yẹn yá jù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó ṣèwádìí jinlẹ̀ nípa eré alárìnjó, tọ orírun eré náà dé ọ̀dọ̀ àwọn iwin Ìgbòho yìí kan náà. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀tẹ̀ di eré ààfin, ó sì ti ààfin di eré gbogbo ìlú. Nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, Aláàfin ní kí àwọn egúngún aláré ṣeré fún un. Erè ńlá kan wọ́ jáde sí agbo. Lẹ́yìn ìyẹn ni òyìnbó kan yọ: ó funfun bí ìda, ó rù kan egungun, ó ń fa áṣáà símú, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí òtútù ń pa, ó sì ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán rìn rí. Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń wo ojú Clapperton bóyá yóò bínú. Òun náà ṣe bí ẹni pé inú òun dùn gan-an.

Iwin ni òyìnbó yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ojúmọmọ ni wọ́n ṣe é. Ọba tó ní kí wọ́n ṣeré wà níjòkòó, ẹni tí wọ́n ń fara wé náà wà níjòkòó, ó sì lágbára tó láti gba ti ara rẹ̀.

Níbí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ti hàn. Kì í ṣe pé wọ́n ro ohun tí kò sí. Wọ́n fi ara pamọ́ sẹ́yìn ẹnu iwin, kí ìfẹ́ inú tiwọn lè dún bí àṣẹ ọ̀run. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni àwọn tí wọ́n fi ṣe iwin náà. Abuké, àfín, arọ, aràrá: ẹni òòṣà ni Yorùbá ń pè wọ́n, Ọbàtálá ló mọ wọ́n bó ṣe wù ú, èèwọ̀ sì ni kí a fi wọ́n ṣẹlẹ́yà. Alápìnni tó rán àfín lọ sórí òkè, olórí egúngún ni nínú ìgbìmọ̀ ọba, àgbà nínú ẹ̀sìn. Ó mọ èèwọ̀ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Síbẹ̀ ó sọ ara ọmọlàkejì di pátákó ìpolówó, ó sì fi onítọ̀hún sílẹ̀ níta nínú òtútù òru, kó máa ké ohun tí kò ti inú rẹ̀ wá.

Ìbéèrè méjì ni ọ̀rọ̀ Ìgbòho fi lé wa lọ́wọ́, a sì lè gbé e ka iwájú ìpolówó èyíkéyìí tó bá wá láti ayé tí kò sí. Ta ló rán an? Ara ta ni wọ́n fi ṣe iwin?

Ẹ jẹ́ ká gbé e ka iwájú fíìmù District 9, tí Neill Blomkamp, ọmọ bíbí Johannesburg, darí ní 2009. Kí fíìmù náà tó jáde, àwọn tó ń polówó rẹ̀ lẹ àkọlé mọ́ àga ibùdókọ̀ káàkiri àwọn ìlú ńlá ní Amẹ́ríkà. Wọn ò fi ojú òṣèré kankan hàn. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ọmọ ènìyàn nìkan ló lè jókòó síbẹ̀, wọ́n sì fi nọ́ńbà fóònù sí i tí èèyàn lè fi fẹjọ́ ẹ̀dá tí kì í ṣe ènìyàn sùn. Ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì yóò jókòó, yóò kà á, yóò sì wo ara rẹ̀. Nínú fíìmù náà, ọkọ̀ òfuurufú àwọn àjèjì kan dúró sórí Johannesburg, ìjọba sì kó wọn sí àgọ́. Ibi tí orúkọ náà ti wá kò ṣòro mọ̀: District Six ní Cape Town, tí ìjọba aláwọ̀ funfun kéde ní 1966 pé ó di ti aláwọ̀ funfun nìkan, tí wọ́n sì lé àwọn tó lé ní 60,000 kúrò nílé wọn. Àga tí a kọ ọ́ sí lára pé aláwọ̀ funfun nìkan ló gbọ́dọ̀ jókòó sí i kì í ṣe àlá ní Gúúsù Áfíríkà. Ó wà, àwọn èèyàn sì jókòó sí i, wọ́n jẹun lórí rẹ̀, wọ́n ka ìwé ìròyìn lórí rẹ̀.

Ìpolówó yẹn mú iwin. Ó fa òfin àná jáde níbi tó sá pamọ́ sí, ó gbé e sábẹ́ ìdí ẹni tó rò pé kò kan òun.

Àmọ́ fíìmù kan náà tún rán iwin tirẹ̀. Nínú àgọ́ àwọn àjèjì, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀daràn: wọ́n ń ta ìbọn, wọ́n ń jẹ ẹran ara àwọn àjèjì láti fi gba agbára, orúkọ ọ̀gá wọn sì jẹ́ Obesandjo. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, Dora Akunyili, mínísítà ìròyìn nígbà náà, ní kí àwọn ilé sinimá má fi í hàn mọ́, ó sì ní kí Sony, ilé-iṣẹ́ tó gbé fíìmù náà jáde, tọrọ àforíjì. Àwọn kan sọ nígbà yẹn pé eré lásán ni, kí ló dé tí ìjọba ń bínú sí àròsọ. Wọn ò rò ó dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ṣe fíìmù nípa bí a ṣe ń sọ ẹ̀dá di iwin, tó wá wá ẹ̀dá mìíràn tí yóò fi ṣe iwin fún èrò ìwòran rẹ̀, ti ṣe bíi Alápìnni.

Àwọn ìpolówó mìíràn wà tí kò tilẹ̀ ní nǹkan gidi kan láti sọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2007, ìlú Boston ti àwọn afárá àti òpópónà pa nítorí pátákó kéékèèké oníná tí wọ́n gbé kọ́ sábẹ́ afárá àti ibòmíràn. Ọlọ́pàá rò pé bọ́ǹbù ni. Ìpolówó eré orí tẹlifíṣọ̀n kan ni. Ilé-iṣẹ́ Turner, tó ni eré náà, san mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ẹ̀rù ba ìlú lásán, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni kọ́ nínú rẹ̀.

Ẹlẹ́sìn tó bá rò pé irú nǹkan báyìí jẹ́ ti aráyé nìkan, kó lọ ka ìwé Jeremáyà lẹ́ẹ̀kan sí i. Wòlíì náà fi àjàgà kọ́rùn, ó ń rìn ní Jerúsálẹ́mù, kí gbogbo ojú lè rí ọjọ́ iwájú tó ń bọ̀: pé Bábílónì yóò jọba lé wọn lórí. Kò sí pátákó tó ju ọrùn èèyàn lọ. Hananáyà dìde nínú tẹ́ńpìlì lójú àwọn àlùfáà àti gbogbo èèyàn, ó já àjàgà náà kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ, ó sì kéde ọjọ́ iwájú tirẹ̀: láàárín ọdún méjì, àjàgà ọba Bábílónì yóò ṣẹ́, gbogbo ohun èlò tẹ́ńpìlì yóò sì padà wálé. Ìpolówó méjì, ọjọ́ iwájú méjì, lójú gbogbo èrò. Ti Hananáyà ló dùn létí.

Ọ̀nà wo ni ará ìgboro yóò fi mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Jeremáyà fúnra rẹ̀ sọ pé wòlíì àlàáfíà, ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ la máa mọ̀ pé Ọlọ́run rán an. Ìdáhùn tó le nìyẹn fún ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣèpinnu lónìí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan hàn gbangba lójú ẹsẹ̀. Jeremáyà fi ọrùn ara rẹ̀ ru ohun tó ń kéde. Kò wá abuké kan tí yóò ru àjàgà náà fún un. Hananáyà kò ru nǹkan kan. Ti ẹlòmíràn ló já.

Bí a bá wo ara ògiri ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn ní agbègbè Òkè-Ògùn, ara igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ara òpó iná, pósítà ìsọjí àti ti àdúrà àkànṣe pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń ṣèlérí ọmọ, ọkọ̀, ìwé ìrìnnà àti ìwòsàn, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ayé ọ̀la ni gbogbo wọn ń yà, wọ́n sì ń yà á fún ẹni tí ara ń ni. Ìjọba ti gbìyànjú láti dá sí ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní 2004, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà pàṣẹ pé, kó tó di òpin oṣù kẹrin, kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n jáwọ́ nínú fífi iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí hàn. Ọ̀pọ̀ olùṣọ́-àgùntàn bínú. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ kì í gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ìjọba. Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí wọ́n fi hàn, tó ju ọ̀pá rẹ̀ nù níwájú kámẹ́rà, ara rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe pátákó, kò sì sí ẹni tó padà lọ wò ó nílé ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Àwọn Mùsùlùmí Òkè-Ògùn ní hàdíìsì kan tó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọjá níwájú ẹni tó ń ta oúnjẹ lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ìka rẹ̀ sì kan omi. Oníṣòwò ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Kò ní kó má tajà, kò sì ní kó má pe oníbàárà.

Àwọn baba wa náà mọ bí ìpolówó ojú ọ̀nà ṣe lè dẹ́rù bani láìtan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ wo ààlè. Àgbẹ̀ kó igi ìdáná tàbí iṣu sẹ́bàá ọ̀nà, ó wá so ìkarawun ìgbín, ṣùkù àgbàdo, àjákù bàtà tàbí àkísà pupa mọ́ ọn. David Doris, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó gbé ìwé jáde lórí ààlè ní 2011, rí i pé ohun tí kò wúlò mọ́ ló sábà máa ń wà níbẹ̀: ó ń fi han olè bí òun náà yóò ṣe dà bó bá mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọjọ́ iwájú ni ààlè ń yà, ọjọ́ iwájú ẹnìkan ṣoṣo, ẹni tó fẹ́ jalè. Ẹni tí kò lérò ibi nínú lè kọjá kó máa kọrin lọ. Gbogbo abúlé ló mọ ẹni tó ni iṣu, kò sì sí ara èèyàn kankan tí wọ́n so mọ́ ọn.

Lára àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń ya ayé ọ̀la Áfíríkà, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn dúró gbọin lójú ìbéèrè méjì yẹn. Bodys Isek Kingelez, ọmọ Kóńgò tí wọ́n bí ní 1948, tún ère àtijọ́ ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Kinshasa kó tó di pé ó fi gbogbo ara bọ́ sínú kíkọ́ ìlú pẹ̀lú páálí, bébà aláwọ̀ àti páálí ọjà tí ẹlòmíràn ti dà nù. Ní 1994 ó kọ́ Kimbembele Ihunga, abúlé tí wọ́n ti bí i, ó sọ ọ́ di ìlú ilé gogoro aláràbarà. Lẹ́yìn ọdún méjì ó kọ́ Ville Fantôme, ìlú iwin, tó sọ pé kò nílò ọlọ́pàá. Ẹni tó ya ọ̀la abúlé ara rẹ̀ kò ya ará abúlé kankan ní ẹlẹ́yà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó kú, ní 2018, ilé àfihàn MoMA ní New York kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ.

Olalekan Jeyifous, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Brooklyn, gbé tirẹ̀ lọ sí Venice ní 2023, sí àfihàn iṣẹ́ ìkọ́lé tí Lesley Lokko darí, ó sì gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà. Gbọ̀ngàn tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀ ló gbé kalẹ̀, ibùdókọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kan tó gba ọrọ̀ ara rẹ̀ padà lẹ́yìn òmìnira, tó sì fi ìmọ̀ ìbílẹ̀ ṣe ọkọ̀ tí kò ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì lóòótọ́. Síbẹ̀ orúkọ àjọ tó wà nídìí ibùdókọ̀ náà, àjọ tí òun fúnra rẹ̀ ronú dá sílẹ̀, ló fi ṣe orúkọ iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tó wọlé tí kò ní mọ orúkọ ẹni tó pè é.

Emeka Ogboh, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà, ṣe tirẹ̀ lọ́nà tó tún le sí i. Ní 2017, nígbà àfihàn documenta 14 ní Kassel ní Jámánì, ó pọn ọtí bíà dúdú kan, ó sọ ọ́ ní Sufferhead Original látara orúkọ àwo Fẹlá, ó sì polówó rẹ̀ nínú ìlú pẹ̀lú àkọlé tó ń bi àwọn ará Jámánì léèrè pé ta ni dúdú ń bà lẹ́rù. Àwọn àtìpó láti Áfíríkà ni wọ́n ti ń fi ṣe iwin láti ọdún pípẹ́ ní Yúróòpù. Níbí, ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe iwin ló di ògùṣọ̀ mú, ó ké ohun tó wù ú láti ké, ó sì fọwọ́ sí i.

Òkè-Ògùn náà kì í ṣe àlejò níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ewé tábà ti hù lórí ilẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ Ìsẹ́yìn ni British American Tobacco fi sọ ẹ̀ka tó ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí pátákó sìgá ṣì wà lójú títì ní Nàìjíríà, ayé ọ̀la ni wọ́n ń yà síbẹ̀: ọ̀dọ́ tó múra, ọkọ̀ tó ń dán, ẹ̀rín. Kò sí àgbẹ̀ Òkè-Ògùn lórí pátákó náà, kò sì sí ẹni tó ń wúkọ́. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní 2015 ka irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ó sì ní kí ìkìlọ̀ ìlera hàn gbangba lára páálí sìgá. Wọ́n kó èyí tó tutù sókè.

Ní Ìsẹ́yìn kan náà, láti 2010, ni ilé àwọn òǹkọ̀wé tí Dókítà Wálé Òkédìran dá sílẹ̀ wà, tó sì jẹ́ orúkọ òkè Ẹbẹdí. Òǹkọ̀wé ń wá gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n ráyè ronú kan ohun tí kò tíì sí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá kọ Ìsẹ́yìn ọdún 2100, ó ṣòro kó má gbé pátákó sínú rẹ̀, nítorí kò sí ìlú tí kò polówó nǹkan kan. Kó kọ orúkọ ẹni tó sanwó pátákó náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kódà bí wọn ò bá tíì bí onítọ̀hún. Kó kọ orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ tí wọ́n rì í mọ́. Bó bá sì jẹ́ ahunṣọ òfì ló wà lójú àwòrán náà, kó jẹ́ ahunṣọ tí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè bóyá ó fẹ́, tí wọ́n sọ ohun tí àkọlé náà yóò wí fún, tí wọ́n sì san owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e lọ sójú títì.